Barbara Ehrenreich, akọ̀ròyìn tó ṣírò owó iṣẹ́ òtòṣì

Ọ̀lẹ ló ń tòṣì: ìgbàgbọ́ yìí kò mọ orílẹ̀-èdè kan. Ó wà lẹ́nu bàbá tó ń bá ọmọ rẹ̀ wí, ó wà lẹ́nu oníwàásù, ó sì wà nínú òfin ìjọba. Ní Amẹ́ríkà, oṣù kẹjọ ọdún 1996 ni Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí òfin tó sọ ìgbàgbọ́ náà di ètò ìlú. Kí òfin yẹn tó dé, ìyá tí kò ní alátìlẹ́yìn lè máa gba owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ ìjọba láti fi tọ́ ọmọ rẹ̀. Òfin tuntun ní kí irú ìyá bẹ́ẹ̀ lọ wáṣẹ́ ṣe, ó sì fi gbèdéke ọdún márùn-ún lé iye ìgbà tí èèyàn lè fi gba owó ìjọba àpapọ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Àwọn tó gbé e kalẹ̀ ní iṣẹ́ ló máa yọ wọ́n nínú òṣì. Ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò jókòó ṣírò: tí àwọn obìnrin yìí bá ríṣẹ́ tó ń san dọ́là mẹ́fà tàbí méje fún wákàtí kan, ṣé owó náà máa tó san owó ilé, kó tó jẹun, kó sì tó wọkọ̀? Barbara Ehrenreich, akọ̀ròyìn tó kú lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 lẹ́ni ọdún 81, ló fi ara rẹ̀ ṣe ìṣirò náà. Ìṣirò yẹn, ju gbogbo ìyà tó rí lẹ́nu rẹ̀ lọ, ló jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ ṣì dúró títí di òní.

Ìlú Butte ní ìpínlẹ̀ Montana ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 1941. Ìlú awakùsà ni, iṣẹ́ kùsà sì ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Bàbá náà lọ sílé ẹ̀kọ́, ó sì di ọ̀gá nílé iṣẹ́ Gillette tó ń ṣe abẹ ìfárùngbọ̀n, ìdílé náà bá bọ́ sáàárín àwọn tó rí já jẹ. Síbẹ̀, wọn kò gbàgbé ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Ehrenreich máa ń sọ pé òfin méjì ni ìyá òun fi lélẹ̀ nílé: ẹ má ṣe wọlé ṣiṣẹ́ níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ má sì dìbò fún ẹgbẹ́ Republican. Sáyẹ́ǹsì ló kọ́kọ́ kọ́. Lọ́dún 1968 ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Rockefeller ní New York, lórí bí ara ṣe ń gbógun ti àrùn. Ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò ṣí sílẹ̀ fún un, kò tọ̀ ọ́. Lọ́dún 1970 ló bí àkọ́bí rẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba ní New York. Ó ní dókítà fún òun lóògùn kí ìrọbí lè tètè mú òun, torí pé ilẹ̀ ti ṣú, dókítà náà sì ń kánjú àtilọ sílé. Láyé ìgbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé lórí ìlera àwọn obìnrin, ibẹ̀ ló sì gbà dórí ọ̀rọ̀ owó àti iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tó kọ́ kò fi iṣẹ́ ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀ o: tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni ohun tí àwọn èèyàn ń sọ, ńṣe ló máa ń dán an wò.

Ìdánwò tó sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká bẹ̀rẹ̀ nídìí oúnjẹ ọ̀sán. Òun àti Lewis Lapham, olóòtú ìwé ìròyìn Harper's, ń sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn ìyá tí òfin tuntun lé lọ síbi iṣẹ́ ṣe máa rí owó ná tó. Ó ní ó yẹ kí akọ̀ròyìn kan lọ ṣe irú iṣẹ́ náà kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Ọ̀dọ́ kan tí egungun rẹ̀ ṣì le ló ní lọ́kàn. Lapham ní Ehrenreich gan-an ni kó lọ. Nígbà yẹn, ó ti ń sún mọ́ ẹni ọgọ́ta ọdún. Láàárín 1998 sí 2000, ó lọ gbé ní ìlú mẹ́ta, nǹkan bí oṣù kan níkọ̀ọ̀kan: Key West ní Florida, Portland ní Maine, àti Minneapolis ní Minnesota. Ó fi òfin de ara rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wáṣẹ́. Iṣẹ́ tó bá sanwó jù nínú èyí tí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́ ló gbọ́dọ̀ gbà, kó sì ṣe é tọkàntọkàn. Ilé tó bá dínwó jù lọ tí ẹ̀mí rẹ̀ sì dè níbẹ̀ ni yóò máa gbé. Ó tún dá ara rẹ̀ sí lọ́nà mẹ́ta: yóò ní mọ́tò, kò ní sùn síta, kò sì ní febi pa ara rẹ̀. Àpilẹ̀kọ àkọ́kọ́ jáde nínú Harper's lóṣù kìíní ọdún 1999. Odindi ìwé náà, Nickel and Dimed, jáde lọ́dún 2001.

Ní Key West, iṣẹ́ gbígbé oúnjẹ fún oníbàárà ló rí. Dọ́là 2.43 ni ilé oúnjẹ náà ń san fún un fún wákàtí kan. Ohun tí oníbàárà bá fi sílẹ̀ lórí tábìlì ló máa fi kún un. Òfin ló fàyè gba èyí. Láti ọdún 1991 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti jẹ́ kí ọ̀gá san dọ́là 2.13 péré fún òṣìṣẹ́ tí oníbàárà ń fún lówó, bí àpapọ̀ owó méjèèjì bá ṣáà ti tó iye tó kéré jù lọ tó tọ́ sí gbogbo òṣìṣẹ́, èyí tó jẹ́ dọ́là 5.15 nígbà náà. Yàrá tó rí gbà ní 500 dọ́là lóṣù jìnnà síbi iṣẹ́, ó ń gbà tó ìṣẹ́jú 45 pẹ̀lú mọ́tò. Nígbà tí oṣù parí, ó kó ìwé ìṣirò jáde. Owó tó wọlé jẹ́ 1,039 dọ́là. Oúnjẹ, epo mọ́tò, ọṣẹ, aṣọ fífọ̀, fóònù àti iná kó 517 lọ. Tó bá san owó ilé 500, dọ́là 22 ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú dọ́là 22 yẹn ni aṣọ, oògùn àti àtúnṣe mọ́tò máa ti jáde, ká má tíì dárúkọ ọmọ. Ó wá rò pé iṣẹ́ kejì ló máa gbà òun. Kí ìyẹn lè ṣeé ṣe, ó kó wá sí ilé alágbèéká kan nítòsí, tí owó rẹ̀ jẹ́ 625 dọ́là lóṣù, ó sì gba iṣẹ́ títún yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ṣe mọ́ ti ilé oúnjẹ. Ọjọ́ kan péré ni ara rẹ̀ fi gbà á láti ṣe méjèèjì pọ̀.

Ẹni tó bá rí ìṣirò yìí lè ní, kí ló dé tí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò fi lọ wá ilé tó dínwó jùyẹn lọ? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àwọn àgbà ní owó la fi ń peéná owó. Ẹni tó bá fẹ́ gbalé ní Amẹ́ríkà máa san owó oṣù àkọ́kọ́, á tún fi owó ìdúró lé e, lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí owó rẹ̀ ń tán lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò lè kó irú owó bẹ́ẹ̀ jọ, hòtẹ́ẹ̀lì olówó ojúmọ́ ló ń sùn. Ehrenreich bá tọkọtaya kan pàdé níbi iṣẹ́ tó ń san 60 dọ́là lóru kan. Tí a bá fi ọgbọ̀n ọjọ́ ṣírò rẹ̀, 1,800 dọ́là ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta owó ilé alágbèéká tí òun ń san. Obìnrin mìíràn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń sun inú ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìtajà, yàrá hòtẹ́ẹ̀lì àwọn tọkọtaya yẹn ló sì ti ń wẹ̀. Yàrá hòtẹ́ẹ̀lì kò ní ilé ìdáná, oúnjẹ sísè tó wọ́n ni ẹni tó wà níbẹ̀ máa máa rà. Ẹni tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò fún ní ìbánigbófò ìlera máa gbé àìsàn kékeré mọ́ra títí á fi di ńlá. Ohun tí àwọn tó ṣòfin kò rí nìyí: owó tí òtòṣì ń san lórí ohun kan náà máa ń ju ti ẹni tó rí jẹ lọ. Ọgbọ́n ìnáwó kọ́ ló wọ́n wọn. Owó ìbẹ̀rẹ̀ ni kò sí.

Ní Portland, Ehrenreich bá ilé iṣẹ́ kan tó ń tún ilé onílé ṣe ṣiṣẹ́. Dọ́là 25 ni ilé iṣẹ́ náà ń gbà lọ́wọ́ onílé fún wákàtí kan tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá lò, dọ́là 6.65 ló ń bọ́ sápò òṣìṣẹ́ tó wà lórí ìkúnlẹ̀ tó ń fọ ilẹ̀. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòòji. Ó rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ kò ju páálí ìpápánu kékeré kan lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lóyún. Lọ́jọ́ kan obìnrin yìí já sí ihò nínú ọgbà onílé, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fi ṣe. Ó ń sunkún, síbẹ̀ ó ń fi ẹsẹ̀ kan tọ láti balùwẹ̀ kan dé èkejì, ó ń fọ̀ wọ́n, torí ó mọ̀ pé ọjọ́ tí òun kò bá ṣiṣẹ́, owó kò ní wọlé. Ehrenreich bínú, ó fi fóònù pe ọ̀gá. Èsì ọ̀gá ni pé kí aláìsàn máa bá iṣẹ́ lọ, ara á gbà á. Lópin ọ̀sẹ̀, ó tún ń gbé oúnjẹ fún àwọn àgbàlagbà nílé ìtọ́jú arúgbó ní dọ́là méje fún wákàtí kan, lọ́jọ́ kan sì rèé, òun nìkan ló bọ́ gbogbo àwọn tó ti sọ iyè nù ní ẹ̀ka tó wà. Portland ni owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba fún un: nǹkan bí 300 dọ́là lọ́sẹ̀ lẹ́yìn owó orí, 480 dọ́là lóṣù fún ilé. Ọjọ́ méje nínú ọ̀sẹ̀ ló fi ṣiṣẹ́ kó tó rí bẹ́ẹ̀, ó sì mọ̀ pé nígbà tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ bá dé lásìkò ooru, owó yàrá yẹn máa fò sókè.

Minneapolis ló ti ṣubú pátápátá. Wal-Mart gbà á sí ẹ̀ka aṣọ obìnrin ní dọ́là méje fún wákàtí kan, lẹ́yìn tí wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀ láti wò ó bóyá ó ń lo oògùn olóró. Wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun pé ẹni tó bá ń tàkúrọ̀sọ lẹ́nu iṣẹ́ ń jí àkókò ilé iṣẹ́ ni. Dọ́là méje lọ́nà ogójì wákàtí jẹ́ 280 lọ́sẹ̀, ìyẹn 1,120 lóṣù, kí owó orí tó kúrò. Ilé kò sí nílùú lọ́dún yẹn. Yàrá hòtẹ́ẹ̀lì tó rí, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣeé fi ọkàn tán, tí fèrèsé rẹ̀ kò ní àwọ̀n, lé ní 240 dọ́là lọ́sẹ̀. Kò sí òògùn tàbí ọgbọ́n kankan tó lè mú kí ìṣirò yẹn dọ́gba. Ó kọ ọ́ pé ká ní òun rí ilé 400 dọ́là lóṣù ni, bóyá owó Wal-Mart ìbá tó òun. Ìlú mẹ́ta, iṣẹ́ mẹ́fà, ibi kan náà ni gbogbo rẹ̀ já sí: owó ilé ló ń jẹ owó iṣẹ́.

Ó yẹ ká béèrè bí irú ọ̀rọ̀ yìí ṣe pamọ́ fún ìjọba tó ní àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé lọ súà. Apá kan ìdáhùn náà wà nínú òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka òtòṣì. Mollie Orshansky, òṣìṣẹ́ àjọ ètò ìfẹ̀yìntì Amẹ́ríkà, ló gbé ìlà òṣì kalẹ̀ láàárín 1963 sí 1964. Ìwádìí kan tí ìjọba ṣe lọ́dún 1955 ti fi hàn pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta owó ìdílé ló ń bá oúnjẹ lọ. Orshansky wá mú owó oúnjẹ tó rẹlẹ̀ jù, ó sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ìyẹn sì di ìlà: ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó o ni òtòṣì. Láti ìgbà náà, ìjọba kàn ń fi bí ọjà ṣe ń wọ́n sí i tún ìlà náà ṣe lọ́dọọdún ni. Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Oúnjẹ kò kó ìdá mẹ́ta owó ìdílé mọ́. Ilé, ìwòsàn àti owó ẹni tó ń tọ́jú ọmọ ló ń gbé e lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, obìnrin tí owó ilé gba ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀ lè wà lókè ìlà nínú ìwé ìjọba, kó má sì rí oúnjẹ ọ̀sán jẹ. Ìwé ìjọba kò ní kà á mọ́ òtòṣì rárá. Ìwé Ehrenreich kà á, torí pé ibi owó ilé ló ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tirẹ̀, kì í ṣe ibi oúnjẹ.

Àtakò àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn gbé dìde sí i rọrùn láti lóye. Wọ́n ní obìnrin tó lówó ni, ó lọ ṣàbẹ̀wò sí òṣì, ó sì padà sílé rẹ̀ lọ kọ̀wé tà. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òótọ́ ni pé ẹni tó mọ̀ pé òun ní owó ní báǹkì kò lè mọ ẹ̀rù tó máa ń ba ẹni tí kò ní nǹkan kan nígbà tí ọmọ bá ń gbóná lóru. Ehrenreich fúnra rẹ̀ kọ èyí sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, kò sì díbọ́n pé òun ti di òtòṣì. Àmọ́ tí a bá wò ó dáadáa, àtakò náà ń gbe ìwé yẹn lẹ́sẹ̀ ni. Obìnrin aláwọ̀ funfun ni, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni èdè abínibí rẹ̀, ara rẹ̀ le, ó ní mọ́tò, kò gbé ọmọ dání, ó sì ní owó díẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tó ní gbogbo èyí kò bá lè fi owó iṣẹ́ gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ nìkan fún oṣù kan, báwo ni ìyá ọlọ́mọ méjì tí kò ní ọ̀kankan níbẹ̀ ṣe fẹ́ ṣe é? Oníṣirò tó bá fi gbogbo àǹfààní sí apá kan òṣùwọ̀n, tí apá yẹn ṣì fúyẹ́, ti dáhùn ìbéèrè tó jẹ́ kó gbé òṣùwọ̀n náà dání.

Àwọn mìíràn ní ẹ̀tàn ni, pé akọ̀ròyìn kò gbọdọ̀ fi irọ́ wọlé tọ èèyàn. Ọ̀rọ̀ gidi ni, torí pé àwọn tó bá ṣiṣẹ́ kò mọ̀ pé ó ń kọ nǹkan sílẹ̀ nípa àwọn. Ohun tó ṣe láti dín àléébù náà kù ni pé orúkọ ara rẹ̀ ló lò, oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ àti iṣẹ́ ìwé kíkọ ló fi pamọ́. Ó yí orúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà nínú ìwé kí ọ̀gá má baà fìyà jẹ wọ́n. Ó sì sọ fún àwọn kan nínú wọn kó tó lọ. Ó rò pé ẹnu máa yà wọ́n. Ohun tí wọ́n bi í ni bóyá ìyẹn túmọ̀ sí pé kò ní wá síṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀nà mìíràn wo ló wà? Akọ̀ròyìn tó bá kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ pé òun fẹ́ wá wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú òṣìṣẹ́ máa rí ohun tí wọ́n bá ṣètò kó rí. Àwọn òṣìṣẹ́ sì ń bẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀nà yìí fi ní ìtàn gígùn: Jack London gbà á lọ sí ìlà oòrùn London lọ́dún 1902, George Orwell kọ ìwé lórí irú rẹ̀ lọ́dún 1933, Günter Wallraff sì fi ara pamọ́ bí òṣìṣẹ́ ará Tọ́kì ní Jámánì, ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1985.

Àtakò tó le jù wá láti ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Adam Shepard. Nígbà tó parí yunifásítì, tó ka ìwé Ehrenreich, ó ní òun máa fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kó dọ́là 25 sápò, ó lọ sí Charleston ní South Carolina, ó sùn nílé àwọn tí kò rílé gbé, ó ń bá ilé iṣẹ́ kan kó ẹrù àwọn tó ń kó kúrò nílé, kó tó pé ọdún kan ó sì ti ní mọ́tò, ilé àti owó nípamọ́. Ìwé rẹ̀, Scratch Beginnings, jáde lọ́dún 2008. A kò gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín ohun tó ṣe, torí ìfaradà àti ìṣọ́wóná wúlò fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹ wo ohun tó gbé e sókè: ọ̀dọ́ ni, alágbára ni, kò ní ọmọ, kò san owó ilé láwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ torí pé ilé àánú ló ń gbé. Ohun tí Ehrenreich sọ gan-an ló tún fi hàn, pé ìgbà tí owó ilé bá kúrò lọ́rùn òṣìṣẹ́ ló máa ń rí owó kó jọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ẹnì kan bá gòkè kúrò nídìí iṣẹ́ fífọ ilẹ̀, ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ tó nílò fífọ̀, ẹlòmíràn ló sì máa gba iṣẹ́ náà ní iye kan náà. Ìtàn ẹni tó jáde kò sọ nǹkan kan nípa owó tí ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ń gbà.

Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé náà ní tiwọn: wọ́n ní tí wọ́n bá fi kún owó iṣẹ́, àwọn ọ̀gá máa lé òṣìṣẹ́, òtòṣì á wá pàdánù kékeré tó ń rí. Ẹ̀rù yìí kò ṣeé gbójú fò. Lọ́dún 2019, ẹ̀ka ìṣirò ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ní tí wọ́n bá gbé owó tó kéré jù lọ dé dọ́là 15, mílíọ̀nù 1.3 èèyàn máa bọ́ nínú òṣì, ó sì ṣeé ṣe kí mílíọ̀nù 1.3 pàdánù iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ayé kì í fìgbà gbogbo bá ìbẹ̀rù yẹn mu. Lóṣù kẹrin ọdún 1992, New Jersey gbé owó tó kéré jù lọ láti dọ́là 4.25 sí 5.05, Pennsylvania tó múlé gbè é kò fi kún tirẹ̀. David Card àti Alan Krueger fi ilé oúnjẹ kíákíá ní ìpínlẹ̀ méjèèjì wéra, wọn kò sì rí i pé iṣẹ́ dín kù ní New Jersey. Àwọn onímọ̀ kan ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀, àmọ́ lọ́dún 2021 Card gba ẹ̀bùn Nobel nítorí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó tún yẹ ká wo ẹni tó ń san ìyókù báyìí. Lọ́dún 2020, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò owó ìjọba rí i pé Wal-Mart àti McDonald's wà lára àwọn tí òṣìṣẹ́ wọn pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń gba ìrànwọ́ oúnjẹ àti ìwòsàn lọ́wọ́ ìjọba láwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò. Ìyẹn ni pé ará ìlú ń fi owó orí parí owó iṣẹ́ tí ọ̀gá kò san tán.

Lẹ́yìn ìwé yẹn, tó ta ju mílíọ̀nù kan lọ, Ehrenreich kò sinmi. Kí ìwé náà tó jáde, lọ́dún 2000, ni dókítà ti sọ fún un pé ó ní jẹjẹrẹ ọyàn. Ohun tó bí i nínú jù nígbà ìtọ́jú ni bí wọ́n ṣe ń sọ fún aláìsàn pé ìdùnnú inú rẹ̀ ló máa wò ó sàn. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń bá òtòṣì sọ: pé bí nǹkan kò bá dára fún ọ, ìwà rẹ ni kó o tún ṣe. Ìwé tó kọ lórí ìyẹn, Bright-sided, jáde lọ́dún 2009. Nígbà tó sì di pé owó tí àwọn ìwé ìròyìn ń san fún òǹkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ó rí i pé àwọn tó lówó lọ́wọ́ nìkan ló máa ṣẹ́ kù láti kọ̀wé nípa òṣì. Lọ́dún 2012, ó dá Economic Hardship Reporting Project sílẹ̀, ètò tó ń fún akọ̀ròyìn lówó láti kọ ìròyìn lórí òṣì, títí kan àwọn akọ̀ròyìn tí òṣì fúnra rẹ̀ ń bá fínra. Lójú tèmi, èyí ni ìdáhùn tó dára jù sí àwọn tó pè é ní àlejò: ó fi gègé lé onílé lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Àwọn ọmọ wa ní Houston, Maryland àti New York tó ń tọ́jú arúgbó nílé wọn wà lára àwọn tí òfin owó iṣẹ́ Amẹ́ríkà gbàgbé fún ìgbà pípẹ́. Láti ọdún 1974 ni òfin ti ka ọ̀pọ̀ nínú irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó kàn ń bá àgbàlagbà jókòó, tí owó tó kéré jù lọ àti àfikún owó wákàtí kò kàn. Ọdún 2013 ni ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ṣe àtúnṣe sí i, ọdún 2015 ló sì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lẹ́yìn ẹjọ́. Owó tó kéré jù lọ fún gbogbo Amẹ́ríkà ti wà ní dọ́là 7.25 láti oṣù keje ọdún 2009, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ tó ju ìdajì lọ ti fi kún tiwọn. Nílé níbí ńkọ́? Òfin oṣù keje ọdún 2024 ní ₦70,000 lóṣù ni owó tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà, síbẹ̀ òfin owó iṣẹ́ wa kò fi dandan lé ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25. Inú irú ibi bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ilé ìwé aládàáni, ọlọ́dẹ àti ọmọ ìtajà wà.

Ẹni tó bá ka ìtàn Ehrenreich tán, tó sì káàánú àwọn òṣìṣẹ́ Key West àti Portland, kò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹ mú bírò àti ìwé. Ẹ kọ iye tí ẹ ń san fún ọmọ tó ń tún ilé yín ṣe, fún ọlọ́dẹ ẹnu géètì, fún ẹni tó ń bá yín tajà. Ẹ kọ owó yàrá kan sábẹ́ rẹ̀ ní àdúgbò tí wọ́n lè gbé, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, àti owó oúnjẹ oṣù kan. Ẹ yọ ọ́. Tí kò bá ku nǹkan kan, tàbí tí gbèsè bá jáde, ẹ má ṣe pe ẹni náà ní ọ̀lẹ mọ́. Ẹ fi kún owó rẹ̀.